Ohun Tí Mo Gbọ́ Kọ́ Ni Mo Kọ

Òórùn kòkó ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ìgbà ìkórè ni. Iwájú ilé gbogbo ní Odode Ìdànrè, ìlú wa, ni wọ́n tẹ́ tapólì sí, wọ́n sá kòkó tútù lé e lórí, òórùn kíkan rẹ̀ sì gba àdúgbò kan bí ọtí tó ti lo ọjọ́ mẹ́ta nínú agbè. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, èéfín dísẹ̀lì tún dà pọ̀ mọ́ ọn, láti ara jẹnẹrétọ̀ ńlá méjì tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé wá sí pápá ilé-ìwé lábẹ́ òkè. Òórùn méjèèjì yẹn wọ imú mi lọ́jọ́ náà, kò sì tíì jáde. Bí mo bá ń bọ̀ wálé láti Àkúrẹ́ nígbà kòkó báyìí, fèrèsé ọkọ̀ ni mo máa ń tì kí a tó wọ ìlú.

Ìwọ náà mọ bí àwa olólùfẹ́ orin mẹ́tàlì ṣe kéré tó nílẹ̀ yìí. Bí o bá sọ fún ènìyàn pé irú orin tí o fẹ́ràn ni èyí tí gìtá ti ń ké bí ayùn tó bọ́ sínú irin, tí akọrin ti ń bú ramúramù bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀, yóò kọ́kọ́ wò ọ́ bóyá ara rẹ yá. Orí fóònù ìyá mi ni mo ti bá a pàdé, nígbà tí mo wà nílé-ìwé girama. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wá, a ní dátà, èdè òyìnbó sì yọ̀ mọ́ wa lẹ́nu. Ọ̀rẹ́ mi tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí kò ní ìkankan nínú wọn. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá rẹ̀, wọ́n tún jẹ́ alàgbà nínú ìjọ Aládùúrà kan nísàlẹ̀ òkè. Ọmọbìnrin wọn yìí ló ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ náà láti kékeré, òun nìkan sì ni obìnrin tí mo tíì rí tó ń ta á nílùú wa.

Èmi ni mo fi mẹ́tàlì hàn án. Abẹ́ igi máńgòrò ilé-ìwé wa ni a jókòó sí, mo fi íápíìsì kan sí i létí, mo fi èkejì sí tèmi. Ó tẹ́tí sí orin náà títí ó fi parí. Nígbà tó yọ ọ́ létí, ó bi mí pé, "Ta ló ṣẹ ẹni yìí tó báyìí?"

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń wá ohùn yẹn nínú ara rẹ̀. Bí ilé-ìwé bá ti jáde, a óò gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè dé ibi ìsinmi kẹta, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní dá wa lóhùn àfi àpáta. Èmi yóò jókòó máa ka iye àlejò tó ń mí hẹlẹhẹlẹ gòkè, òun yóò dojú kọ òkè, yóò sì máa ti ohùn náà jáde láti ìsàlẹ̀ ikùn, kì í ṣe láti ọ̀fun. Ó ní bí wòlíì obìnrin ìjọ àwọn ṣe máa ń dún nìyẹn nígbà tí Ẹ̀mí bá gbé e. Lákọ̀ọ́kọ́, ikọ́ ni ó máa ń já sí. Nígbà tó fi di ọdún kejì, bí ó bá dún, ara mi a máa gbọ̀n. Mo ń sọ èyí kí o lè mọ̀ pé kì í ṣe pé n kò mọ ohun tí ó ní.

Àwọn alàgbà yòókù nínú ìjọ gbọ́ nípa rẹ̀, wọ́n sì ké sí bàbá rẹ̀. Wọ́n ní orin Èṣù ni. Bàbá náà kò mọ ohunkóhun nínú orin ọ̀hún, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọmọ wọn. Bàbá fi èdè Ìdànrè ponbele dá àwọn alàgbà lóhùn pé ọmọ àwọn kò jí ohùn náà gbé, Ọlọ́run ló fún un, bí ó bá sì fi ṣi ìwà hù, ojú àwọn ni kí wọ́n wò. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Àwọn alàgbà jẹ́ kí ọmọ náà máa gbé gìtá ìjọ lọ sílé láàárín ọ̀sẹ̀. Òun pẹ̀lú ọlọ́kadà kan tó ń lu ìlù òyìnbó ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe lójú títì, tí ó ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, di ẹgbẹ́ kan. Orin mẹ́ta péré ni wọ́n ní, gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi fi Yorùbá kọ.

Ọdún tí mo parí yunifásítì, tí mo ń dúró de ìwé ìpè àgùnbánirọ̀, ni a gbọ́ pé ẹgbẹ́ olórin mẹ́tàlì mẹ́ta tó ń rìn láti ìlú dé ìlú yóò yà sí Ìdànrè. Ọ̀kan wá láti Èkó, ọ̀kan láti Àkúrà ti Gánà, ọ̀kan láti Nàìróbì. Nítorí àwọn òkè wa ni wọ́n ṣe ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ kí àpáta wà lẹ́yìn àwọn nínú fídíò. Mo wà nínú gúrúùpù kan lórí fóònù tí àwa olólùfẹ́ orin yìí ti ń pàdé, ádímìn rẹ̀ tó wà l'Ékòó sì ń bá àwọn tó ṣètò ìrìn-àjò náà ṣiṣẹ́. Èmi ni mo bẹ ádímìn pé kí ó jẹ́ kí ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ mi ṣí òde náà. Ó gbà. Nígbà tí mo lọ sọ fún ọ̀rẹ́ mi, ó ń yọ kòkó nínú èèpo lẹ́yìnkùlé wọn. Ó jókòó sórí òkìtì èèpo yẹn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú, ọwọ́ rẹ̀ ń yọ̀ fún omi kòkó.

Lọ́jọ́ òde náà, àwọn àlejò wá láti Èkó, Ìbàdàn, Benin, Àkúrẹ́. Dúdú ni gbogbo wọn wọ̀, láti orí dé bàtà, nínú oòrùn bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó ti kòkó rẹ̀ rí wọn bí wọ́n ti ń tò kọjá, ó dìde, ó sì kí wọn tọkàntọkàn pé, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù o." Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ èdè. Wọ́n juwọ́ sí i, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ojú sì tì mí díẹ̀. Mo rántí pé ojú ìyá náà ló yẹ kí ó tì mí, ṣùgbọ́n ojú àwọn àlejò ni mo ń rò. Bí ọkàn mi ṣe rí lọ́jọ́ náà nìyẹn láti àárọ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n kà mí mọ́ ara wọn.

Ádímìn rí mi, ó fa ọwọ́ mi, ó mú mi lọ sídìí ẹ̀rọ, níbi tí ọkùnrin kan tó bá ẹgbẹ́ Èkó wá ti ń darí ohùn. Àyè ńlá ni. Èmi nìkan ni ọmọ Ìdànrè tó dúró níbẹ̀.

Ní agogo méjì ọ̀sán, ọ̀rẹ́ mi bọ́ sórí ìtàgé. Aṣọ iléèwé wa àtijọ́ ni ó wọ̀, ó ti rẹ ẹ́ ní dúdú, gìtá ìjọ wà lọ́rùn rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà pẹ̀lú fìlà lórí, wọ́n di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Orin àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ohùn rẹ̀ jáde nínú àwọn sípíkà gíga yẹn, gbogbo àwọn tó ń ra omi, tó ń ya fọ́tò, ni wọ́n yí orí padà. Ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ pàápàá ṣí ẹnu. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ, ó fa ohùn ọ̀rẹ́ mi wálẹ̀. Ó fa gìtá rẹ̀ wálẹ̀. Ó sì pa sípíkà kékeré tó wà níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, èyí tí akọrin fi ń gbọ́ ara rẹ̀.

Ó yíjú sí ádímìn, ó sọ pé, "Bí mo bá jẹ́ kí ọmọ yìí dún bó ṣe ń dún, ta ni yóò gbọ́ ti àwọn tó ń bọ̀?"

Ádímìn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Lórí ìtàgé, ọ̀rẹ́ mi ń wo sípíkà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ṣe àmì sí wa pé òun kò gbọ́ nǹkan kan. Ó rí mi, mo mọ̀ pé ó rí mi. Ọkùnrin náà gbé àtàǹpàkò sókè sí i pé kò sí wàhálà. Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ orin kejì, ó ń fi agbára lé agbára nítorí pé kò gbọ́ ara rẹ̀, ohùn náà sì já láàárín. Ó há, ó wá jáde tín-ín-rín. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ẹnì kan súfèé. Àwọn kan gbé fóònù sókè.

Orin kẹta ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Ó fi máìkì sílẹ̀. Ó rìn wá sí etí ìtàgé gan-an, ó dojú kọ òkè bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí a wà nílé-ìwé, kì í ṣe àwọn ènìyàn, ó sì fi ẹnu lásán kọ ọ́. Ọlọ́kadà rọ ọwọ́ lórí ìlù kí ó má baà bò ó. Àwọn tó wà lẹ́yìn pápá kò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwa tí a wà nítòsí gbọ́. Orin nípa ìyá rẹ̀ tó kú nígbà ìbímọ ni. Ohùn náà jáde láti ibi tí mo mọ̀ pé ó ti ń jáde, àpáta gbà á, ó dá a padà lé wa lórí, irun ara mi sì dìde. Obìnrin kan tó wá láti Benin, tí n kò mọ̀ rí, fi ọwọ́ bo ẹnu. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, n kò gbọ́ ohun tó dára tó o.

Àwọn àlejò dára, n kò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ Àkúrà mú kí pápá náà mì, àwọn ọ̀dọ́ ń ju irun, ń ju orí, wọ́n ń gbá ara wọn láyà, tí ẹnì kan bá ṣubú, ènìyàn mẹ́rin á gbé e dìde. Onílù ẹgbẹ́ Nàìróbì ṣàkíyèsí pé àpáta ń dá ohùn ìlù rẹ̀ padà, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, ó bú sẹ́rìn-ín, ó dẹ ìlù sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá òkè lù ú, bí ó bá lù, òkè á dáhùn. Ẹgbẹ́ Èkó ni ó kẹ́yìn. Wọ́n pariwo jù, orin wọn kò sì ní egungun. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí. Mo wá ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ní bàbá rẹ̀ ti mú un lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ádímìn kọ̀wé sí mi pé kí n kọ bí mo ṣe rí òde náà fún gúrúùpù, kí àwọn tí kò lè wá lè kà á. Ó ní kí ó dùn-ún kà. Mo jókòó sí fàráńdà ilé wa, mo fi òyìnbó tí wọ́n fi owó bàbá mi kọ́ mi kọ ọ́. Mo kọ nípa onílù Nàìróbì àti àpáta, mo kọ nípa Àkúrà, mo yin ẹgbẹ́ Èkó ju bó ti yẹ lọ. Nígbà tí mo dé orí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú mi, mo dúró. Mo rò ó. Bí mo bá kọ òtítọ́, n ó ní láti kọ ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe, wọn kò sì ní pè mí sídìí ẹ̀rọ mọ́. Mo wá kọ gbólóhùn kan ṣoṣo, pé àwọn ọmọ Ìdànrè fi ewúrẹ́ tí okùn há lọ́rùn ṣí òde fún wa.

Gbólóhùn yẹn ni gbogbo ènìyàn rántí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi í ránṣẹ́ síbòmíràn, àwọn tí mo ti ń fẹ́ kí wọ́n mọ̀ mí fún ọdún mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ mi. Ẹnì kan gé fídíò ibi tí ohùn ọ̀rẹ́ mi ti já, ó fi igbe ewúrẹ́ sí i. Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tí ó fi dé Odode. Àwọn ọlọ́kadà ń dún mẹ̀ẹ́ẹ̀ bí ọ̀rẹ́ mi bá ń kọjá. Lọ́jọ́ ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ọ̀kan nínú àwọn alàgbà gbé fóònù síwájú bàbá rẹ̀ lójú gbogbo ìjọ, ó sì bi wọ́n pé ṣé ohùn tí Ọlọ́run fún un nìyí. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní bàbá náà wo fídíò náà dé òpin, wọ́n sì bọ́ síta. Bàbá fúnra wọn ló gba gìtá ìjọ lọ́wọ́ ọmọ wọn lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ kẹta sí ìgbà náà ni ọ̀rẹ́ mi wá sílé wa. Ìyá mi gbé omi fún un ní fàráńdà, kò mu ún. Ó dúró títí ìyá mi fi wọlé.

Ó ní, "Wọ́n ní ìwọ lo kọ ọ́."

Mo sọ fún un pé ẹ̀fẹ̀ ni, pé ádímìn ló yí i padà, pé àwọn ará Èkó kì í mọ ibi tí eré ti ń di ìjà. Mo sọ púpọ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò bínú, ìyẹn ló sì ń bà mí lẹ́rù jù títí di òní.

Ó ní, "N kò gbọ́ ara mi lọ́jọ́ náà. Ìwọ lo mọ ohùn mi, láti orí àtẹ̀gùn. Sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé bí mo ṣe dún nìyẹn?"

O rí i, kò wá bá mi jà. Etí mi ni ó wá yá. Ohun tó kù fún mi láti sọ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ, "rárá." Ṣùgbọ́n bí mo bá ní rárá, yóò bi mí pé kí ló dé tí mo fi kọ ọ́, n ó sì ní láti sọ ti ọwọ́ tó fa ohùn rẹ̀ wálẹ̀, àti ti ẹ̀rín tí mo rín. Mo wo ẹ̀gbẹ́ kan.

Mo ní, "Ó jọ bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Má bínú."

Ó mi orí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ìyẹn dáadáa: ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó wọlé lọ dágbére fún ìyá mi, ó kúnlẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe, ó sì lọ. Kò ta gìtá mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọlọ́kadà tó ń lu ìlù wọn wá bá a lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rẹ́ mi ní òun ti gbọ́ ara òun láti ẹnu ẹni tó mọ̀.

Ìwé ìpè mi dé, mo lọ sí Àríwá, mo padà, mo ríṣẹ́ ní Àkúrẹ́. Ọdún keje sí ìgbà náà ni mo tó lè lọ bá a. Ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ méjì, abúlé oko ni wọ́n ń gbé, ọ̀nà tí ọ̀kadà nìkan lè gbà. Mo bá a níbi tó ti ń fi àdá la kòkó. Mo jókòó, n kò jẹ́ kí ó kí mi tán, mo sọ gbogbo rẹ̀: ọkùnrin nídìí ẹ̀rọ, ohun tó sọ, ẹ̀rín mi, orin kẹta, irun ara mi tó dìde, irọ́ tí mo pa fún un ní fàráńdà. Kò dá iṣẹ́ dúró. Ó ń la kòkó, ó ń sọ èèpo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni tí ń gbọ́ ìròyìn ìlú mìíràn.

Nígbà tí mo parí, ó bi mí pé, "Ta ló tún mọ̀?"

Mo ní àwa mẹ́ta tó wà nídìí ẹ̀rọ náà ni.

Ó ní, "Bàbá mi kú lọ́dún tó kọjá. Wọ́n kú pẹ̀lú èrò pé àwọn tan ìjọ jẹ nítorí mi. Àwọn ni ì bá yẹ kí o wá sọ fún."

Lẹ́yìn náà, ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Ó bu iṣu sísun fún mi pẹ̀lú epo. Mo jẹ ẹ́. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe ju kí n jẹ ẹ́ lọ. Nígbà tí mo ń lọ, ó bá mi wá ọlọ́kadà, ó sì sọ fún un pé kí ó rọra gbé mi.

Mo ti kọ òtítọ́ náà sínú gúrúùpù yẹn lẹ́yìn ìgbà náà, gbogbo rẹ̀, mo dárúkọ ara mi. Ènìyàn mélòó kan kà á. Ẹnì kan bi mí pé òde wo ni mo ń sọ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. N kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá lé e bá tán, tí kò sì sí ẹni tó dúró lójú ọ̀nà mọ́. Títí di òní, bí àwa olólùfẹ́ bá péjọ, tí wọ́n bi mí nípa òde Ìdànrè, mo máa ń sọ fún wọn pé ọmọbìnrin tó ṣí i ju gbogbo àwọn tó kù lọ, pé mo wà níbẹ̀, pé mo fi etí ara mi gbọ́ ọ. Wọ́n á wò mí, wọ́n á rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, wọ́n á ní ó yé àwọn, nítorí pé ọmọ ìlú mi ni.